Ta Ló Tú Ìgbálẹ̀ Màmá?

Ilare,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Mo bẹ Ọlọ́hun kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní Ìwó nínú àlàáfíà. Ara tèmi le. Inú mi nìkan ni kò tíì rọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé síbí, àwọn ọmọ-ọmọ onílé wa nìkan, Fikáyọ̀ àti Ìmọ́lẹ̀olúwa, ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀kùn yàrá mi bá ti ṣí, wọ́n ti wọlé. Mo wá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi àjákù ìgbálẹ̀ àti òwú ìránṣọ ṣe afárá kékeré.

Adésọjí, àbígbẹ̀yìn Màmá onílé, tó ti wà lọ́dún kẹrin nídìí ẹ̀kọ́ ìnjíníà, rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ará Ìwó, ṣé eèrà ló fẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá ni?" Ó ní òun máa ṣe èyí tó jẹ́ afárá gidi fún àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wá ìgbálẹ̀ tuntun wọn tì. Adésọjí ní, "Ẹ bi àlejò yín. Ṣebí òun ló ń fi ọwọ̀ ṣeré." Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ kí n lanu. Wọ́n ní, "Mi ò bá olè gbélé. Tó bá di Sátidé, kó ẹrù ẹ." Ẹ mọ̀ mí, Màámi, bí àyà mi bá já, ahọ́n mi a wúwo. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Nígbà tí mo nujú tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Adésọjí.

Mo rí afárá tiẹ̀ lójú fèrèsé. Ó gùn, ó sì dùn ún wò ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ṣì wà lára ọwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ Màmá nìkan ló tutù nínú ilé yìí. Ọwọ̀ tí kò tíì gbẹ a sì máa tẹ̀. Mo lè ké sí Màmá lójú ẹsẹ̀. N ò ké. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé rí i.

Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí mo di ẹrù mi tán, mo rán Fikáyọ̀ sí i pé afárá tiwa le ju tiẹ̀ lọ. Kíá ló gbé tiẹ̀ jáde, ó ń pe àwọn ayálégbé wá wòran. A gbé agolo gààrì lé tiwa, kò mì. A gbé e lé tiẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, gààrì sì dà sílẹ̀. Màmá, tí ariwo wa ti fà jáde, bẹ̀rẹ̀ láti kó gààrì, wọ́n mú ọwọ̀ kan lára afárá náà, wọ́n wò ó títí. "Adésọjí! Ìgbálẹ̀ mi rè é!"

Màámi, ẹ ò rí ojú ẹ̀! Màmá bẹ̀ mí níwájú gbogbo wọn, wọ́n ní kí n tú ẹrù mi. Wọ́n wá ju imọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀ fún un, pé kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá, kó fi ṣe ìgbálẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé àga síta, mo jókòó síwájú ẹ̀ títí ó fi ṣe é tán.

Ọlọ́hun yóò dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fi ẹkún gbọ́ ìròyìn mi. Ẹ bá mi kí àbúrò mi, Abdulmajeed.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Sàúdátù.

Àfikún: Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n dárí jì í. Ó ti ń kí mi láràárọ̀ báyìí. Mo máa ń jẹ́ kó kí mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.