Mánẹ́ẹ̀tì tó ń pa kọ̀ǹpútà mi

Tchaourou, Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Kọ̀ǹpútà mi tún kú lónìí. Bí mo ṣe ki wáyà mánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun ọwọ́ tí èmi àti Bàbá ń tẹ̀ láti fi gbá bọ́ọ̀lù lójú kọ̀ǹpútà, bọ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ ṣú dùdù.

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú. "Àbí ọwọ́ mi yìí ló ń bà á jẹ́?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Mo tan án padà, mo lo ihò kejì, ó tún kú. Mo wá ki fíláàṣì tí mo kó orin sí bọ ihò kan náà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Àṣé mánẹ́ẹ̀tì ni. Nítòsí ìdí rẹ̀, ara wáyà ti bó, àwọn wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ sì ń kan ara wọn.

Mo fà á yọ. Ẹ̀rù bà mí, torí eré bọ́ọ̀lù yìí nìkan ni Bàbá fi ń na ọwọ́ yẹn. Nígbà tí a ń ṣa kajú lóko, àtàǹpàkò wọn kò tíì lè tẹ nǹkan kan rárá.

Ní báyìí, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, àtàǹpàkò wọn ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, kò mà sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀."

"Dákẹ́ ná. Mo ti fẹ́ gbá a sáwọ̀n."