Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Mọ̀ Pé Ohùn Òun Ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sunkún sí orin slowed and reverb, ṣé ẹ mọ̀ pé orí ńlá mi ni wọ́n ń bú nínú ọ̀kan níbẹ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo ti parí secondary school, admission ò jáde, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti kúrò ní Okoko, èmi nìkan ló ṣẹ́kù bí ìkòkò tí wọn ò rí gbé nígbà tí wọ́n ń kó lọ... Iṣẹ́ tí mo wá yàn fún ara mi ni kí n máa fi phone fa orin gùn, kó máa dún bí ẹni pé èèyàn ń kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. Orin tó bá ti falẹ̀ báyẹn, ó máa ń dà bíi pé ó ń dúró dè mí... èèyàn kì í dúró dè mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. Nígbà tó ní òun ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa mọ́, Daddy ní kó jáde nílé, ó sì lọ, ó block gbogbo wa, tó fi mọ́ èmi tí mi ò sọ nǹkan kan. Ohùn ẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lórí phone mi, níbi tó ti ń fọ abọ́, tó ń fi mí kọrin pé ta ló fẹ́ rán fìlà fún irú orí yìí. Mo fà á gùn títí tó fi dà bí ohùn ọkùnrin, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò yé èèyàn mọ́, mo gbé e sórí page mi tí kò lórúkọ. Ah! Wọ́n ń sunkún! Ẹnì kan ní ó wo ọkàn òun sàn. Orí mi yìí!

Daddy gan-an ti mọ orin náà, wọ́n máa ń hum ún tí wọ́n bá ń tún okada àwọn èèyàn ṣe. Wọ́n bi mí pé, "Ta ni bàbá tó ń kọ orin yẹn?" Mo ní mi ò mọ̀.

Àfi lánàá tí comment kan wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ọ́? Ó ń jẹ́ kí àárò ilé máa sọ mí." Mo wo fọ́tò ẹ̀... èjí ẹ̀gbọ́n mi rèé!

Ṣé kí n sọ fún un? Tó bá tún block mi ńkọ́? Àbí kí n dákẹ́, kí n ṣáà máa fa orin, kó ṣáà máa wá? Ṣé kí n fi han Daddy? Mo ti type "èmi ni" sílẹ̀, mi ò tíì tẹ send... ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Daddy ti ń pè mí, wọ́n ti start okada, a fẹ́ lọ ra plug ní Iyana-Iba. "Ṣé kí n wá gbé ẹ ni?" Mò ń bọ̀ sà, mò ń