Irú Fọ́tò Tí A Yàn fún Ìgbéyàwó Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àfẹ́sọ́nà rẹ, mo kí ilé tí ẹ ń gbé, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí o ráyè pè wá. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwa náà wà níbí, a ò ráhùn, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ọlọ́run tó jí wa lónìí kò ní jẹ́ kí a pàdánù ara wa, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ, ẹni tó bá sì ń wá ọ̀nà láti rí ẹkún rẹ, omi ojú tirẹ̀ ni yóò fi wẹ̀.

Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti dé. Obìnrin náà gbé fóònù wá bá wa lórí ẹní, ó ní o ní kí a wo oríṣi mẹ́ta kí a sì mú ọ̀kan, pé bí a bá ṣe fẹ́ ni wọn yóò ṣe ya ìgbéyàwó rẹ. Inú wa dùn pé o rántí láti bi wá. A wò ó, a tún un wò, bàbá rẹ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀.

Oríṣi kìíní ni èyí tí gbogbo ẹbí tò sórí ìlà, tí wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, tí ọwọ́ wọn pé, tí ẹsẹ̀ wọn pé. Bàbá rẹ ní èyí gan-an ni fọ́tò. Ṣùgbọ́n aránṣọ ní o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ti ayé àtijọ́ nìyẹn, pé àwọn èèyàn kì í yà á mọ́. A ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti di ohun àtijọ́. Oríṣi kejì, kò sí ẹni tó wo kámẹ́rà nínú wọn. Ìyàwó ń wo fèrèsé, ọkọ ń de bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé olè kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá rẹ bi wá pé kí ló wà ní fèrèsé. Aránṣọ ṣàlàyé pé oríṣi yìí ni wọ́n fi ń ya èèyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Mo ní bí kò bá mọ̀, ta ló wá lẹ irun ìpéǹpéjú tó gùn bí ìgbálẹ̀ yẹn mọ́ ọn lójú. Aránṣọ sáré ṣí èyí tó kàn. Oríṣi kẹta ṣókùnkùn, apá kan ojú ìyàwó ló hàn, ìyókù ti wọmi, kò sì sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ ju dúdú àti funfun lọ. A bá wọn kẹ́dùn. Èrò mi ni pé iná ló lọ nílé wọn lọ́jọ́ náà, tí owó àwọ̀ sì tán lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí aránṣọ wá sọ pé èyí ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bàbá rẹ bọ́ awò ojú, wọ́n kó o sápò.

Ti fídíò tún wà níbẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó ń rìn bọ̀ lọ́nà, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn àìsàn, mo ti gbàdúrà ìwòsàn fún wọn tán kí n tó mọ̀ pé ara wọn le, pé fídíò náà ni wọ́n mú kó máa wọ́. Lẹ́yìn náà ni a rí òrùlé àwọn ilé kan láti òkè. Aránṣọ kà á fún wa pé o ní kámẹ́rà kan wà tó ń fò bí ẹyẹ, pé yóò fò kọjá lórí ilé wa kí àwọn àlejò lè rí ibi tí wọ́n ti bí ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ gbé àkàsọ̀, wọ́n gbé ọ̀dà, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí ẹyẹ àjèjì wá fi páànù tó dógùn-ún han àwọn àna. Mo ní orúnkún ńkọ́. Wọ́n ní orúnkún kọ́ ni àwọn fẹ́ fi kun ọ̀dà. Wọ́n kun ìdajì òrùlé, àkàsọ̀ yọ̀, ó ṣubú, bàbá rẹ sì jókòó sókè bí àkùkọ tí òjò pa. Wọn ò já bọ́, má fòyà. Mo ń gbìyànjú láti gbé àkàsọ̀ dìde, ẹ̀rín ń pa mí débi pé apá mi ò ká a, ni onífọ́tò tí o rán wá wọlé dé.

Ọkùnrin náà mọ èèyàn kí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó bá mi gbé àkàsọ̀, bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti tú ẹrù rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀, pé iná ò dáa. Òrùn ràn, ó ní iná ò dáa. A bọ́ sábẹ́ igi, iná ò dáa. Nítorí náà Iná-ò-dáa ni mo sọ ọ́. Ó ní o ní kí òun ya fídíò àwa òbí rẹ nílé, èyí tí wọn yóò fi han àwọn àlejò kí o tó wọlé. Ó fi bàbá rẹ jókòó sórí àga, ó ní kí wọ́n máa ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé òun ò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ gbà. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì sùn. Iná-ò-dáa kanlẹ̀kùn títí, wọn ò dá a lóhùn, nítorí pé kò sí níbẹ̀.

Èmi ló wá kù fún un. Ó ní kí n wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń ronú nípa ọmọ rẹ̀. Mo ronú nípa rẹ, ojú mi gbẹ, nítorí mo mọ̀ pé o wà láàyè, o sì ń jẹun. Ni mo bá ronú nípa abo ewúrẹ́ mi tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá tòun ti oyún nínú, omi sì bọ́ lójú mi. Iná-ò-dáa fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sókè. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn, pé gbogbo àlejò ni yóò bá mi sunkún. Nítorí náà, bí o bá ń wò ó lọ́jọ́ náà, tí ọkọ rẹ ń fi aṣọ ìnujú nù ọ́ lójú, kí o mọ̀ pé ewúrẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan nìyí. Màmá Àgbà jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Kò yẹ kí n máa sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́, bóyá ìlú ńlá ti da nǹkan bò ọ́ lójú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni wọ́n, àwọn ló ń pọ̀n ọ́ nígbà tí èmi ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti wọ aṣọ tí aránṣọ rán fún wọn nítorí rẹ, wọ́n ti fi ìpara pa ojú, títí dé ẹ̀gbẹ́ ojú kan tó funfun yẹn. Wọ́n jókòó tì mí. Iná-ò-dáa gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ilẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé ìyàwó ló sọ pé òun ò fẹ́ kí ojú màmá yẹn wọ inú fídíò, nítorí pé àwọn àna yóò máa béèrè.

Ó rò pé jẹ́jẹ́ lòun sọ ọ́. Ojú kan ló fọ́, etí méjèèjì ò di. Màmá Àgbà dìde, wọ́n ní ìkòkò wà lórí iná, wọ́n sì wọlé. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Mo tẹ̀lé wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bọ́ aṣọ, wọ́n ń ká a. Mo ní n óò ní kí aránṣọ pè ọ́ báyìí, n óò sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dùn ọ́ dé eegun. Wọ́n ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ojú ló ń tì í, pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó fẹ́ wọ ilé onílé. Wọ́n wá bi mí bóyá a ti fún onífọ́tò lómi mu. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ló dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo jáde, Iná-ò-dáa ti ń di ẹrù. Bàbá rẹ ti jí, wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kó kọjá. Wọ́n bi í pé ṣé ó mọ oríṣi kìíní yà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ ní àwọn ń béèrè rẹ̀. Wọ́n wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, Màmá Àgbà ti wọ aṣọ náà padà, bọ́tìnnì ẹ̀yìn ṣì wà ní ṣíṣí, mo bá wọn dè é. A tò síwájú ilé, lábẹ́ òrùlé aláwọ̀ méjì, Màmá Àgbà wà láàárín. A kọjú sí kámẹ́rà, a ò rẹ́rìn-ín, a ò ronú. Iná-ò-dáa wò wá títí nínú ẹ̀rọ rẹ̀, mo ń retí kó sọ̀rọ̀ iná, kò sọ ọ́. Ó ya ọ̀kan, ó sún mọ́ wa, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọrùn aṣọ Màmá Àgbà ṣe, ó ya òmíràn. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ò ní yọ ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀, bí ìyàwó fẹ́, bí ó kọ̀.

Nítorí náà, oríṣi kìíní ni a mú. Bí o bá fẹ́ fi òkùnkùn àti fèrèsé ṣe tìrẹ, kò sí ìjà, ìwọ ló ń ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí a wà nínú rẹ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni kí o gbé e kọ́ sí, kí àwọn àna rẹ rí i kí wọ́n tó rí oúnjẹ. Bí wọ́n bá béèrè ojú tó fọ́, sọ fún wọn pé èyí tó kù ló ń wò wọ́n.

Ọ̀dà ti tán, ìdajì òrùlé sì kù, fi owó ọ̀dà ránṣẹ́ kí ẹyẹ rẹ tó fò dé. Orúnkún bàbá rẹ náà ń béèrè ìpara. Owó ọkọ̀ tí o fi rán aránṣọ sí wa, ti ẹni méjì ni, ó sì yé wa. Fi ti ẹnìkẹta kún un. Bí kò bá dé, Màmá Àgbà yóò jókòó sí àyè mi, èmi yóò dúró ti ewúrẹ́ tó kù. O ṣáà ti ní ẹkún mi nínú fídíò.

Ilé rẹ yóò tòrò. Wàá bímọ, wàá tọ́ wọn, wàá pẹ́ láyé títí ojú rẹ yóò fi ṣe bàìbàì bí ti àgbà. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ bá sì fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó tirẹ̀, wọn yóò ní kí ìwọ sún mọ́ àárín.

Èmi ni,
ìyá rẹ.