Ìṣó Tó Tẹ̀ Sápá Ọ̀tún

Bàámi tèmi,

Mo dé etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi tí àgọ́ iṣẹ́ yín wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá jí dìde lónìí, ẹ kò ní dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́. Wọ́n ti da kọnkéré sí ibi tí ẹ ti máa ń sá pákó sóòrùn. Wọ́n to àga sí i, wọ́n ṣí agbòòrùn, wọ́n ń ta àgbọn tútù àti ẹja yíyan, ẹ ó sì sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Nínú àgọ́ mẹ́rin tí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń kan ọkọ̀ tó ń kó àgbọn lọ sí Àjàṣẹ́, ẹyọ kan ló kù, wọ́n sì ti kùn ún ní búlúù bí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkọ̀ gígùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ lórí ìtì igi. Ìdí rẹ̀ ni gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò.

Ọkọ̀ yẹn ni mo torí rẹ̀ lọ. Láti kékeré àwọn ọmọ mi ni mo ti ń sọ fún wọn pé bàbá wọn àgbà ló kàn án. Ojú mi ni mo fi rí yín nínú rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí mo wá sinmi láti òkè òkun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó epo ṣe títì ńlá tó wọ Àgbádárìgì? Mo dúró lókè lórí títì náà, mo rí yín nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú òòlù. N kò sọ̀kalẹ̀ wá kí yín. Bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹrẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó dùn mí jù láyé nìyẹn, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n orúkọ yín kọ́ ló wà lára pátákó iwájú ọkọ̀ náà. Orúkọ Bàbá Sẹ̀wànú ni, tí àgọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ẹni tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá kọjá lọ́dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kò ní jẹun alẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló mọ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn jù lọ ní gbogbo etí ọ̀sà. Jù lọ, Bàámi. N kò lè mu omi àgbọn tí mo rà mọ́.

Sẹ̀wànú fúnra rẹ̀, tí a jọ wà ní kíláàsì kan nílé ìwé Mẹ́tọ́díìsì, ló ń ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún àwọn àlejò. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń tọ́ka sí pákó. Wọ́n ń fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Èmi tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun ńlá máa ń dúró dè ní Àpápá, kí n yẹ ọkọ̀ wọn wò kó tó ṣí, ni mo ń jowú obìnrin tó mú ọ̀pá dání. Ojú tì mí pé mo ń jowú.

Ó rí mi, ó sì kí mi káàbọ̀ ní Ẹ̀gùn.

“Mì kúabọ̀, ọmọ ọlọ́wọ́ òsì. Ṣé ìwọ náà sanwó, àbí o ní ilé bàbá rẹ ni?”

“Ilé bàbá mi ni. Ọkọ̀ bàbá mi sì nìyí. Orúkọ ẹlòmíì lẹ kọ sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ṣebí ìwọ lò ń sọ fún àwọn òyìnbó pé ọkọ̀ wọn ti ń jẹrà. Ó yá, wọlé, yẹ tiwa náà wò. Tí o bá jáde tí o ní bàbá rẹ ló kàn án, ọwọ́ ara mi ni màá fi yọ pátákó yẹn. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan.”

Ṣé ẹ rí i, Bàámi? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló kù kí ọkọ̀ náà di tiyín.

Mo bọ́ bàtà, mo wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń wá, nítorí bóyá ẹ̀yin gan-an kò fiyè sí i rí. Ìṣó tó bá gba pákó kọjá tó yọ ẹnu sínú ọkọ̀, a máa ń lù ú tẹ̀ kó má baà padà jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mú òòlù, ìyẹn ni ìṣó wọn fi ń tẹ̀ sápá òsì. Ẹ̀yin nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì ní gbogbo àgọ́ mẹ́rin. Ìṣó tiyín á tẹ̀ sápá ọ̀tún. Kò sí ẹni tó lè fi èyí tàn mí jẹ.

Láti iwájú ọkọ̀ dé àárín, gbogbo ìṣó ló tẹ̀ sápá òsì. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ wá ojú ibi tí pákó ti pàdé, kò ráyè wọlé. Iṣẹ́ náà dára, Bàámi. Ó dùn mí bó ṣe dára tó. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì to irọ́ tí màá pa jọ, gbólóhùn lórí gbólóhùn, bí mo ṣe ń kọ ìwé iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ dìde ni iná tọ́ọ̀ṣì bọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Pákó mẹ́ta wà níbẹ̀ tí igi wọn kò jọ ìyókù. Gbogbo ìṣó wọn ló tẹ̀ sápá ọ̀tún.

Àtúnṣe ni. Ohun tí mo rí láti orí títì nìyẹn. Ẹ kò kan ọkọ̀ yẹn. Ẹ ń lẹ ti ẹlẹgbẹ́ yín ni.

Mo yọ orí síta. “Sẹ̀wànú, ta ló tún ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ṣe?”

“Otọ́ ni.” Bí Ẹ̀gùn ṣe ń pe bàbá nìyẹn.

“Bàbá rẹ kọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni.”

“Mo mọ̀. Otọ́ tìrẹ ni mo wí. Tèmi ti kú nígbà yẹn. Mọ́tò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀, èyí sì ń jẹrà lọ nínú omi. Ó wá bá mi pé ká má wò ó níran. Ìgbà òjò kan gbáko la fi ṣe é. Èmi ń di pákó mú, òun ń kàn án. Tí pákó bá fẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ mi, á ní, ‘Vi ṣie, dì í mú dáadáa, ẹja kọ́ ni.’”

Vi ṣie. Ọmọ mi. Ìgbà wo lẹ pè mí bẹ́ẹ̀ rí? “Ìwọ ọmọ yìí” lẹ máa ń pè mí. Bí mo bá yọjú sí àgọ́, ẹ ó lé mi padà sídìí ìwé, mo sì kàwé náà títí kò fi sí kíláàsì tó kù. Mo mọ ohun tó ń mú ọkọ̀ léfòó, mo lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú oorun. N kò di pákó kan mú fún yín rí. Kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà? Ara le, etí omi dákẹ́, ohun tí ẹ ń kọ nìyẹn. Ṣé ó mọ̀ ọ́n dì mú? Ṣé ẹ máa ń bá a rẹ́rìn-ín?

Mo jáde, mo sọ òótọ́ fún un pé bàbá rẹ̀ ló kan ọkọ̀ náà, pé kí pátákó wọn dúró. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátákó náà. “Ṣé ká kọ orúkọ Otọ́ sísàlẹ̀, pé òun ló tún un ṣe?”

Ohun tí mo gbéra nílé fún nìyẹn, Bàámi. Mo ní rárá.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, àwọn àlejò á máa béèrè yín. Ní gbogbo Sátidé ni Sẹ̀wànú á máa sọ ìtàn ìgbà òjò yẹn, tí á máa pè yín ní Otọ́ lójú ayé, èmi yóò sì jẹ́ ọmọ tó wà lókè òkun. Ẹ dárí jì mí. Ẹlòmíì kọ́ ló fi orúkọ yín pamọ́, èmi ni.

Ó ní òun kò ní í kánjú, kí n lọ rò ó dáadáa. Mo ti rò ó. Màá padà lọ sọ fún un pé kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dì yín mú fún ọ̀sẹ̀ kan péré sí i, kí n tó fi yín fún wọn.

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pín in,
Ọmọ tí ẹ bí.