Oògùn Inú Bàtà Bàbá

Àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orókún Màmá tó wú ti ń rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Wọ́n ń tilẹ̀kùn kí wọ́n tó lo oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìfura loògùn àgbà: mo gbọn bàtà iṣẹ́ ọlọ́dẹ wọn àtijọ́, hóró mọ́kànlá jábọ́! Àṣé dókítà ló sọ pé oògùn tó dájú sọ jẹjẹrẹ náà lè mú kí àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà máa tòògbé díẹ̀.

Bàbá ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣọ́ báńkì, mi ò tòògbé rí. Ta ló máa kun àwọn ọlọ́dẹ tèmi lóorun?"

Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí wọn pé ojú àwọn ọlọ́dẹ wọn là kedere nígbà tí olè jẹjẹrẹ yìí wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.