Atẹ́gùn Tí O Fẹ́ Sínú Kànga Màmá

Sí àbúrò mi ọkùnrin,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé ara rẹ á le, nítorí ara tìrẹ nìkan lo máa ń rò. Tèmi náà le. Inú ló ń bí mi.

Èsì àyẹ̀wò omi kànga tí o gbẹ́ fún Màmá ti dé. Yuréníọ̀mù, èròjà olóró tó ń wá láti ara òkúta, ti pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí kíndìnrín èèyàn lè gbà lọ. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé èmi náà ni mo ní ó dára lọ́dún tó kọjá. Ó dára nígbà yẹn. Ìwọ lo bà á jẹ́.

Iṣẹ́ òkúta ni mo ń ṣe, nítorí náà fetí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ. Òkúta yanrìn ló wà lábẹ́ ilé wa. Omi tó ní atẹ́gùn nínú ti ń gba apá tó pupa kọjá láti ayébáyé, ó ń tu yuréníọ̀mù kúrò lára òkúta, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá dé inú yanrìn aláwọ̀ eérú, níbi tí igi àtijọ́ jẹrà sí, atẹ́gùn inú omi á tán, yuréníọ̀mù á sì lẹ̀ mọ́ yanrìn. Ibẹ̀ ló jókòó sí jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ náà ni kànga rẹ dé. Mo ní bí omi bá dín kù, kí o pè mí. Omi dín kù, o kò pè mí. O lọ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sínú kànga. Omi ya lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn yẹn tún tu ohun tó ti jókòó, ìyá wa sì ń mu ún.

Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, kí lo wí? "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlara lẹ ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé òkúta, kànga mélòó lẹ gbẹ́?" O tún lọ sọ ọ́ sétí Màmá. Ojú kò tì ọ́.

Ní báyìí wọn kò gbọ́ tèmi mọ́. "Ọmọ mi ló gbẹ́ ẹ fún mi" ni wọ́n ń wí. Omi tí mo ń rà wá, òdòdó ni wọ́n ń fi bomi rin. Dókítà ní kíndìnrín wọn ti ń ṣe ségesège, pé bí wọ́n bá jáwọ́ báyìí, ó ṣì lè bọ̀ sípò. N kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Wá fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé omi rẹ kò dáa.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Á fún ọ lọ́gbọ́n, torí ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ Ẹ́ nítorí ìyẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí o pè ní onílara.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí mo da omi inú ife Màmá nù. Wọ́n dìde, wọ́n lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, wọ́n bu òmíràn, wọ́n sì mu ún tán, wọ́n ń wò mí lójú.