Yàrá Tí Mo Rí Láti Òkè Kiréènì

                                        Yàrá Orí Òrùlé,
                                        Ilé Ìyá Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Aláròyé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni o? Ara ńkọ́, ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbíkẹ́yìn ti ń rìn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà láti máa lo gíláàsì ojú wọn, àbí wọ́n ṣì ń fi orúkọ ẹbí kí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí? Tèmi náà, a dúpẹ́. Má bínú pé o kò gbúròó mi láti ọjọ́ yìí. Ojú mi ti rí nǹkan, ẹnu mi ni kò tíì mọ bí yóò ti sọ ọ́.

O mọ̀ pé iṣẹ́ kiréènì ni mo wá ṣe níbí. Kì í ṣe irú kékeré tí èmi àti ìwọ jọ kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀ o, èyí tó ń fi táyà rìn kiri. Èyí dúró gbagidi lójú kan, ó ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ, apá rẹ̀ sì gùn débi pé ó ré kọjá òpópónà. Àkàbà ni mo ń gùn dé inú àpótí onígíláàsì tí mo ń jókòó sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé òkè tí mo wolẹ̀, n kò lè pa ẹnu dé. Ìlú tẹ́ lọ rẹrẹ, n kò rí òpin rẹ̀. Odò tí mo ti ń fi bọ́ọ̀sì kọjá láìkà á sí, àṣé ó yí ìlú náà ká bí ìgbànú. Mo kàn ń ké pé, "Háà! Háà!", Rọra sì ń bi mí nínú rédíò pé ṣé kò sí nǹkan. Rọra ni ẹni tó ń dúró nílẹ̀, tó ń júwe ibi tí mo máa gbé ẹrù sí fún mi. Nítorí pé "rọra, rọra" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n sọ ní Gọ̀gọ̀, àwọn aláwàdà.

Ibùgbé ni ìṣòro mi. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo wà nígbà náà, ní ìpẹ̀kun ìlú. Kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbé mi dé, gbogbo òṣìṣẹ́ ti káwọ́ gbera, wọ́n ń wòkè, torí pé bí kiréènì kò bá gbéra, kò sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan. Fọ́máànù fara dà á, ó fara dà á, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ràn ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí tí n kò tíì sún mọ́ ibi iṣẹ́, ẹlòmíì ni yóò máa wà á. Aláròyé, inú mi bàjẹ́. N kò fẹ́ kí òkè yẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá. Bí àwọn ajẹ́ńtì bá pe owó ilé nítòsí ibẹ̀, ṣe ni mò ń bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan mú mi lọ síbi kan tó jẹ́ pé ibùsùn kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí tán. Ó ní àyè ibẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí kò bá ní ẹrù.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń jẹun lókè, mo rí yàrá kékeré kan lórí òrùlé ilé alájà kan, kò jìnnà rárá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò, táǹkì omi pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹni tó wọlé, kò sí ẹni tó jáde. Bí mo ti parí iṣẹ́ báyìí, mo sọ̀kalẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ onílé.

Ilé dà? Láti ilẹ̀, ta ló ń rí òrùlé? Ilé tí mo mọ̀ bí ẹni mowó látòkè, n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀. Gbogbo ògiri rí bákan náà, òpópónà tó tọ́ látòkè di kọ́lọkọ̀lọ. Mo já wọ ilé kan, kí n tó ṣàlàyé ara mi, wọ́n ti ní kí n jókòó. Àga náà rọ̀, ó tẹ̀ sẹ́yìn, mo ń sọ nínú mi pé ará ìlú yìí mọ àlejò í tọ́jú. Ìgbà tí ẹnì kan ní kí n ya ẹnu ni mo tó mọ̀ pé ilé dókítà eyín ni mo wà! Máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́.

Rọra ló mú àbá wá. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń júwe fún mi, kí n júwe fún òun náà wò. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó mú rédíò lọ́wọ́ jáde ní géètì, èmi wà lókè, mò ń fojú tẹ̀lé àkẹtẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

"Yà sọ́tùn-ún. Máa lọ. Ó ti tó, padà sẹ́yìn díẹ̀."

"Gọ̀gọ̀, ògiri nìyí o!"

"Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fẹ̀gbẹ́ wọlé."

Mo ti gbàgbé pé rédíò kan náà ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń gbọ́. Ohùn fọ́máànù ṣàdédé wọlé. Ó ní, "Ẹ ò tíì rí ilé náà ni? Oúnjẹ wa ti fẹ́ẹ̀ tutù o." Mo wolẹ̀. Gbogbo wọn gbé oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n tẹ́tí, kò sí ẹni tó ń jẹun.

Kò pẹ́, Rọra yọ lórí òrùlé náà, ìyá àgbà kan sì tẹ̀ lé e, téèpù tí aránṣọ fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn wọn. Ìyá onílé nìyẹn. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n gba rédíò lọ́wọ́ Rọra.

"Ṣé ìwọ lò ń fi irin yẹn kọjá lórí mi láti àárọ̀ dalẹ́?"

Wọ́n kéré bí ọmọ ìka lójú mi, ohùn wọn sì wà létí mi gbangba. Mo ní èmi ni, mà, ẹ dákun. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Nítorí irin náà ni ayálégbé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe kó jáde. Ẹni tó tún wá wo yàrá gbójú sókè, kò tilẹ̀ béèrè iye tó jẹ́. Wọ́n ti já owó rẹ̀ wálẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò gbà á. Àwọn fúnra wọn kì í sùn dáadáa mọ́. Mo ti mọ̀ pé ó bàjẹ́. Èmi gan-an ni mo ń lé ayálégbé fún ẹni tí mo fẹ́ bá gbé.

Wọ́n ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ lè sùn sábẹ́ ẹ̀?"

Mo wo apá irin náà láti ìdí títí dé ṣóńṣó. Láràárọ̀ ni mo máa ń rìn lórí rẹ̀, tí mò ń fọwọ́ kan gbogbo nọ́ọ̀tì tó dè é pọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní, "Mo lè sùn, mà. Mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n tún wo irin náà, wọ́n gbé rédíò sẹ́nu.

"Ó dáa. Kó ẹrù ẹ wá. Bí ìwọ bá lè sùn lókè, èmi náà á sùn nísàlẹ̀."

Ariwo tí àwọn òṣìṣẹ́ pa, mo gbọ́ ọ láìlo rédíò.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kó wọlé, mo dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo wòkè. N kò wo kiréènì bẹ́ẹ̀ rí, Aláròyé. Ó gba ojú ọ̀run kan. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣé èmi náà ni mò ń gbé ohun tó tó báyìí kiri lórí ọmọ aráyé? Mo wá mọ ohun tí ojú ìyá yẹn ti rí. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ti yàtọ̀. Rọra ní òun kì í ráyè sọ "rọra" mọ́.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ báyìí, mo sì ń dé ṣáájú fọ́máànù. Lánàá, mò ń yí apá náà bọ̀ lórí ilé wa, mo wolẹ̀. Ìyá onílé ti gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, wọ́n ń rán bọ́tìnnì. Irin náà kọjá lórí wọn, òjìji rẹ̀ gba orí aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn kọjá, wọn kò gbójú sókè. Omi bọ́ lójú mi. Nínú gbogbo ilé tó tẹ́ lọ rẹrẹ yẹn, ọ̀kan ti wà tí wọ́n ti ń retí mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún Màmá pé mo ti ríbi gbé. Nígbà tí o bá ń bọ̀, má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ aṣọ tó bá tàn, kí o dúró sójú pópó. Màá rí ọ.

                                        Tìrẹ tòótọ́tòótọ́ lèmi,
                                        Gọ̀gọ̀.